Ta Ni Yóò Bá Àgbà Ṣe Ọdún?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Bí oṣù kejìlá ọdún bá ti lé ní ogúnjọ́, kò sí ẹni tí ó ń gbé ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní mọ̀ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ wo òpópónà tí ó ti Èkó wá sí Ìbàdàn ní àkókò náà. Ẹ wo ibùdókọ̀ Ọjọ́ta àti ti Ìwó Road. Olùkọ́ ń re ilé, oníṣòwò ń re ilé, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ju owó ọkọ̀ lọ nínú àpò náà ń re ilé. Kí ni gbogbo wọn ń lọ wò? Àgbà ni wọ́n ń lọ wò. Bàbá àti ìyá, bàbá àgbà àti ìyá àgbà, àwọn ni òpó tí a so ọdún mọ́. Àgbà kì í kúrò nílé lọ́jọ́ ọdún. Ọmọ ni í wá bá a níbẹ̀. Bí mo ṣe bá a láyé nìyẹn, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ayé ń ṣe é, títí di ọjọ́ Kérésìmesì kan tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Ní ọdún náà, èmi kò re ilé. Àpilẹ̀kọ tí mo ní láti fi gba oyè wà níwájú mi, owó ọkọ̀ sì ti gun òkè. Mo dúró sí Ìbàdàn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan. Ọ̀rẹ́ mi yìí àti àwọn òbí rẹ̀ ń lọ sí ìjọ tí ayé mọ̀ sí Mọ́mọ́nì. Nígbà tí ó di ọ̀sán ọjọ́ Kérésìmesì, ìyá rẹ̀ bu ìrẹsì sínú kúlà kan, ó bu ẹran adìẹ sínú èkejì, ó ní kí á gbé wọn lọ fún tọkọtaya òyìnbó kan tí ìjọ wọn rán wá láti ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà. Mo ti rò ó lọ́kàn mi pé ọ̀dọ́ ni wọn yóò jẹ́, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ni a sábà máa ń rí ní ìgboro, tí wọ́n ń rìn ní méjì méjì, tí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí wọ́n so táì, tí wọ́n fi pátákó dúdú kékeré tí a kọ orúkọ wọn sí há àyà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn fún wa, gbogbo orí rẹ̀ ti funfun bí òwú. Ìyàwó rẹ̀ dìde lẹ́yìn rẹ̀ láti kí wa, ó di orí àga mú kí ó tó lè nàró.

Bàbá náà ti kọ ìkíni wa sí orí ìwé pélébé kan. Ó fẹ́ kí wa pé 'Ẹ kú ọdún,' ṣùgbọ́n ohùn kò bá ọ̀rọ̀ mu, ó sì fi imú pè é. 'Ẹkún ọdún' ni ó jáde. A bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi túmọ̀ ohun tí ó sọ fún un, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn tí a rẹ́rìn-ín tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàkíyèsí pé ìyàwó rẹ̀ kò bá wa rẹ́rìn-ín púpọ̀.

Mo bi Màmá pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí. Ó ní márùn-ún ni, pé ọmọ-ọmọ àwọn sì jẹ́ mọ́kàndínlógún. Ó mú àwòrán wọn wá, ó ń dárúkọ wọn fún wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà nínú wọn tí kò tíì gbé rí: lẹ́yìn tí àwọn kúrò nílé ni wọ́n bí i. Ó gbójú sókè wo aago ara ògiri. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ti lù lọ́dọ̀ wa. Ó ní agogo méje òwúrọ̀ ni ó lù nílé àwọn, pé àwọn ọmọ ti jí báyìí, wọ́n ti ń tú ẹ̀bùn wọn. Ó ní òun ti sunkún díẹ̀ nínú ilé ìdáná ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere tí wọ́n wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ àwọn tó dé. Kí á tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó bi èmi náà ní ìbéèrè kan. N ó padà sí ìbéèrè náà kí n tó gbé kálàmù sílẹ̀.

Nígbà tí a wọlé padà sí ọgbà Yunifásítì, mo sọ ohun tí mo rí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ilé ìgbé wa. Ìdáhùn mẹ́ta ni mo gbà. Ẹnì kan ní owó ni àwọn arúgbó náà ń gbà, pé kò sí ẹni tí yóò fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnì kejì ní wọn kò ní ìfẹ́ ọmọ, pé òyìnbó kò mọ ìdí ẹbí. Ẹnì kẹta ní kí ni ìjọ tí ó ti fi ojú kékeré wo aláwọ̀ dúdú ń wá lọ́dọ̀ wa. Èrò tèmi ni pé a kò gbọdọ̀ ti ọ̀kankan nínú ìdáhùn wọ̀nyí sẹ́yìn láìyẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó náà nìkan ni ó wà nínú wọn, ọ̀rọ̀ tiwa gan-an wà níbẹ̀.

Kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Orúkọ tí ìjọ yìí ń pe ara rẹ̀ ni Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn. Láti ọdún 2018 ni àwọn olórí rẹ̀ sì ti túbọ̀ ń rọ ayé pé kí wọ́n yé pe àwọn ní Mọ́mọ́nì. Joseph Smith ni ó dá a sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1830. Ẹni tí ó ń darí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò kì í gba owó oṣù. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó ń ṣe jẹun. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 18 lè lọ ṣe iṣẹ́ ìhìnrere fún ọdún méjì. Àwọn tọkọtaya tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọn kò sì ní ọmọ kékeré nílé mọ́, náà lè yọ̀ǹda ara wọn fún oṣù mẹ́fà, tàbí ọdún kan, tàbí ọdún kan àbọ̀, tàbí nǹkan bí ọdún méjì. Wọ́n lè sọ ibi tí ó wù wọ́n láti lọ, ṣùgbọ́n láti Salt Lake City tí olú-ilé ìjọ náà wà ni àṣẹ ti ń jáde. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń jẹun, òun náà ni wọ́n fi ń san owó ilé: owó ìfẹ̀yìntì wọn, àti ohun tí wọ́n ti rọra tọ́jú láti ìgbà tí agbára ṣì wà. Iṣẹ́ wọn kì í sábà jẹ́ wíwàásù láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n a máa tọ́jú ìwé owó, wọ́n a máa bẹ ilé tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé wò, wọ́n a máa kọ́ àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ olórí ìjọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó ní owó ni wọ́n ń gbà kò wádìí ọ̀rọ̀.

Ohun kan pa mí lẹ́rìn-ín nínú ètò wọn. Oyè tí wọ́n fi ń pe ọmọkùnrin ọmọ ọdún 18 tí a rán níṣẹ́ ni Alàgbà. Ọmọ tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀ dáadáa! Oyè kan náà ni wọ́n sì fi ń pe bàbá olórí funfun yẹn. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ náà mo rí i pé kò sí ẹni tí ó nílò kí a ṣàlàyé òwe yìí fún un nínú ilé náà. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wá jẹun níbẹ̀, ọmọ Calabar wà nínú wọn, ọmọ Aba wà, ọmọ Gánà sì wà. Àwọn náà kò re ilé. Títí di oṣù kejì ọdún 2019, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni irú wọn lè bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù: ọjọ́ Kérésìmesì àti Ọjọ́ Àwọn Ìyá. Láti ìgbà náà ni a ti fún wọn láyè láti máa ṣe é ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń jẹun tán, Màmá ni wọ́n yí ká. Ẹnì kan fẹ́ kí ó bá òun rán bọ́tìnnì. Ẹnì kan kàn fẹ́ jókòó tì í ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà ọ̀hún jìnnà sí Utah, ṣùgbọ́n ọjà ni.

Èyí ni ó mú mi dé ìdáhùn kejì, ti ẹni tí ó ní wọn kò ní ìfẹ́ ọmọ. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Ní ilẹ̀ wa, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ìgbà ogbó jẹ́ ìgbà ìsinmi, ìgbà tí ọmọ-ọmọ ń fi ẹsẹ̀ ẹni gun orí. Kí á tó wá sọ pé kí arúgbó di ẹrù rẹ̀, kí ó wọ ọkọ̀ òfurufú, kí ó lọ máa kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sí ìlú tí kò mọ ẹnì kan, a ó ti rò pé ó ṣẹ ẹbí rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn àwọn ènìyàn yìí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kí á fi ilé sílẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá wọn. Ní ọdún 1839, nígbà tí Brigham Young lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wàásù, òun fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ní ọdún 1846 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó kúrò ní Nauvoo ní ìpínlẹ̀ Illinois nítorí inúnibíni, àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn sì dé àfonífojì Salt Lake ní oṣù keje ọdún 1847. Ọmọ àwọn tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n. Ohun tí wọ́n jogún nìyẹn.

Àwa náà ńkọ́? Ṣé òótọ́ ni pé àgbà tiwa kò fi ilé sílẹ̀ rí nítorí iṣẹ́ ẹ̀sìn? Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Ó di ọdún 1846 kí ó tó tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí ó ti mọ irú ìyapa bẹ́ẹ̀, à bá ti rò pé kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹbí rẹ̀ mọ́ láé. Síbẹ̀ ó gba iṣẹ́ Odò Ọya, a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, ó sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bọ̀ lórí odò náà títí ó fi tó nǹkan bí ẹni 80 ọdún. Ẹ má sì gbàgbé àwọn tí wọ́n wá sọ́dọ̀ wa. Láti ọdún 1853 ni Anna Hinderer àti David ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe Kérésìmesì ní Kúdẹtì ní Ìbàdàn níhìn-ín. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860, tí ọ̀nà etíkun dí, ebi pa wọ́n, wọ́n ta ẹrù ilé wọn jẹun. Anna kò bí ọmọ. Ọmọ àwọn ará Ìbàdàn ni ó kó sọ́dọ̀ tí ó ń tọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀dọ́ ni àwọn Hinderer nígbà tí wọ́n dé. Wọn kò fi ọmọ-ọmọ kankan sílẹ̀. Bàbá àti Màmá tí mo ń sọ yìí fi mọ́kàndínlógún sílẹ̀. N kò gbà pé àìnífẹ̀ẹ́ ni. Ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́ ọmọ kì í wo aago ara ògiri bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn kẹta ni ó wúwo jù, n kò sì fẹ́ fò ó. Láti ọdún 1852 tí Brigham Young ti kéde rẹ̀, títí di oṣù kẹfà ọdún 1978, ìjọ yìí kò jẹ́ kí ọkùnrin kankan tí ó jẹ́ ìran Áfíríkà aláwọ̀ dúdú gba oyè àlùfáà tí gbogbo ọkùnrin yòókù nínú ìjọ náà ń gbà. Ètò mímọ́ tí ó ga jù nínú tẹ́ḿpìlì wọn, aláwọ̀ dúdú kò ní ìpín níbẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Nígbà tí òfin náà ṣì wà, àwọn ènìyàn ní apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà ti ń kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n wá. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti wá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà kan tí ó ń kàwé ní Kalifọ́níà kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Nigerian Outlook ní ọdún 1963, ó sì tú àṣírí òfin náà fún gbogbo ayé. Ìjọba kò fún wọn ní físà tí wọ́n ń fẹ́. Mo yin akẹ́kọ̀ọ́ náà. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ṣe: ó ka ìwé, ó rí ohun tí ó fara sin, ó sì sọ ọ́ fún àwọn ará ilé.

Nígbà tí òfin náà yí padà ní ọdún 1978, àwọn wo ni ìjọ náà kọ́kọ́ rán wá? Kì í ṣe ọ̀dọ́. Tọkọtaya àgbàlagbà méjì ni: Rendell Mabey tí ó jẹ́ lọ́yà àti Rachel aya rẹ̀, pẹ̀lú Edwin Cannon àti Janath aya rẹ̀. Wọ́n dé Nàìjíríà ní oṣù kọkànlá. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ní agbègbè Aboh Mbaise tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Imo, wọ́n ri ènìyàn 19 bọmi nínú odò. Anthony Obinna ni ẹni àkọ́kọ́, ọkùnrin tí ó ti ń kọ lẹ́tà sí Salt Lake City fún ọ̀pọ̀ ọdún tí kò rí ẹni wá. Kérésìmesì ọdún 1978 bá àwọn àgbàlagbà mẹ́rin yìí lẹ́nu iṣẹ́ ní apá ọ̀dọ̀ wa. Kí ọdún kan tó pé, iye àwọn tí wọ́n ti rì bọmi ní Nàìjíríà àti Gánà ti ju 1,000 lọ. Lónìí, àwọn ọmọ ìjọ náà ní Nàìjíríà nìkan ti ju 200,000 lọ, wọ́n sì ti ní tẹ́ḿpìlì ní Aba láti ọdún 2005.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ìdílé kan bá ṣẹ ìdílé kejì, kì í ṣe ọmọdé ni a ń rán lọ bẹ̀bẹ̀. Àgbà ni í ṣí fìlà, àgbà ni í kúnlẹ̀. N kò sọ pé ẹ̀bẹ̀ ni àwọn tọkọtaya náà wá bẹ̀ ní ọdún 1978. Ìrìbọmi ni wọ́n wá ṣe. Ó di ọdún 2013 kí ìjọ náà tó tẹ àlàyé kan jáde tí ó fi kọ àwọn ìdí tí wọ́n máa ń sọ tẹ́lẹ̀ nípa àwọ̀ dúdú sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ó bá ní ẹjọ́ náà kò tíì tán, n kò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kì í ṣe ìyá arúgbó tí ó ń rán bọ́tìnnì ọmọ Calabar ni ó ṣe òfin ọdún 1852. A lè di ẹjọ́ wa mú ṣinṣin lọ́wọ́ kan, kí á sì fi ọwọ́ kejì gbé kúlà ìrẹsì lọ fún àlejò.

Èmi náà ní ẹjọ́ kan tí mo bá wọn rò, ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá sì ni. Wọ́n ti túmọ̀ Ìwé ti Mọ́mọ́nì sí èdè wa, mo gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fẹ́ bá wa gbé fún ọdún kan àbọ̀, ìkíni kan lórí ìwé pélébé kò tó. David Hinderer kọ́ Yorùbá débi tí ó fi lè bá ará Ìbàdàn jiyàn. Crowther kọ ìwé gírámà wa, ó kọ ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wa kú ọdún, kí ó kọ́ ohùn rẹ̀, kí ó má baà kí wa kú ẹkún. Mo sọ èyí fún Bàbá náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní òótọ́ ni mo sọ, ó sì ní kí n tún un pè kí òun gbọ́. Ìgbà mẹ́fà ni ó pè é kí ó tó já a.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò pin sí ọ̀dọ̀ tiwọn. Gbogbo wa ni a mọ àṣà wa lọ́jọ́ ọdún. Bí ó bá jẹ́ Kérésìmesì, onígbàgbọ́ a gbé oúnjẹ fún mùsùlùmí tí ó wà ní ojúlé kejì. Bí ó bá jẹ́ Iléyá, ẹran àgbò a padà wá. A kì í bi ara wa pé ẹ̀sìn wo ni ó tọ̀nà kí á tó ṣí kúlà. Mo bi àwọn tí wọ́n wà nínú ilé náà bóyá ẹnì kan ní àdúgbò ti gbé oúnjẹ wá. Wọ́n ní kò sí, àfi ìyá ọ̀rẹ́ mi. Ilé márùn-ún ni ó yí wọn ká, òórùn ọbẹ̀ sì ń fẹ́ wọlé láti inú gbogbo wọn. Kí ni ó fà á? Géètì ga, a sì ti gbà lọ́kàn wa pé òyìnbó ní oúnjẹ tirẹ̀, pé kò sí ohun tí ó fẹ́ lọ́wọ́ wa. Àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí onílé náà bá wá di ojú tirẹ̀, ta ni yóò rí èkejì?

Mo ṣèlérí pé n ó padà sí ìbéèrè tí Màmá bi mí. A ti dìde láti máa lọ nígbà tí ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, 'Ọmọ mi, ta ni ó wà lọ́dọ̀ ìyá tìrẹ lónìí?'

N kò lè dá a lóhùn. Ìyá mi wà ní Èkìtì. Bàbá mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Kánádà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní ilé ọkọ rẹ̀ ní Èkó, èmi sì wà ní Ìbàdàn tí mo ń gbé ìrẹsì fún ìyá ẹlòmíràn. Kì í ṣe pé mo kábàámọ̀ pé mo gbé e lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ ìyá mi láago ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo bi í pé kí ni ó sè. Ó ní òun se ìrẹsì bí òun ṣe máa ń sè é tẹ́lẹ̀, ìkòkò ńlá. Mo ní, 'Mọ́mì, ta ni ó wá jẹ ẹ́?' Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní àwọn ọmọ aládùúgbò jẹ níbẹ̀, pé kí n má ṣèyọnu, kí n ka ìwé mi.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí mo fẹ́ kí á rò nìyí. A ń ṣàánú òyìnbó arúgbó tí ó fi ilé sílẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ó kéré tán, òun ni ó yàn án, ẹnì kejì rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àgbà tiwa kò kúrò nílé. Ilé ni ó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Gbogbo wa ni a ń wí pé ọmú ọmọ ni òkété àgbà ń mu, ṣùgbọ́n ọmọ ti lọ sí Kánádà pẹ̀lú ọmú. Owó tí ó ń fi ránṣẹ́ dára, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n owó kì í jókòó ti ènìyàn jẹun.

Ohun kejì sì wà níbẹ̀. Ìyá mi fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tí ó tún bi í ní ohun kan nípa iṣẹ́ náà mọ́, àfi àwọn tí wọ́n máa ń ní kí ó wá to ìlà kí wọ́n lè mọ̀ pé kò tíì kú kí wọ́n tó san owó rẹ̀. Màmá òyìnbó yẹn dàgbà jù ú lọ, àwọn ènìyàn sì ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Mo mọ̀ pé owó ìfẹ̀yìntì tiwọn ń dé lásìkò, pé ètò ìlera wọn dára ju tiwa lọ. A kò lè ní kí arúgbó tí kò rí owó oògùn rà ra ìwé ọkọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ó ń béèrè òfurufú. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Adó lè lo sáà kan ní ìletò kan tí kò ní olùkọ́ Yorùbá, bí ìletò náà bá fún un ní yàrá àti oúnjẹ. Ẹ̀yin Ọ̀jọ̀gbọ́n wa tí ẹ ó fẹ̀yìn tì ní ẹni 70 ọdún, àti ẹ̀yin olùkọ́ yòókù tí tiyín jẹ́ 65, ṣé ilé nìkan ni ẹ ó lọ jókòó sí? Ẹgbẹ́ wa yìí náà lè ṣe é: kí a kọ orúkọ àwọn olùkọ́ àgbà tí ó wà ní ìlú kálukú wa sílẹ̀, kí a sì máa lọ bá wọn ní ìsinmi láti gba ìtàn, oríkì àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọnù sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Àgbà tí a ń bi ní ìbéèrè kì í tètè gbó.

Ní tèmi, n kò di ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì, n kò sì rò pé n ó dì í. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì náà, mo yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo ko ìwé àpilẹ̀kọ mi sínú àpò, mo wọ ọkọ̀ Èkìtì. Ìrẹsì ìkòkò ńlá náà ṣẹ́ kù. A gbé e kaná, èmi àti ìyá mi jọ jẹ ẹ́.

Bí Kérésìmesì tí ń bọ̀ bá dé, kí olúkúlùkù wa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè Màmá yẹn kí ó tó pinnu ibi tí yóò wà. Bí ẹ kò bá sì lè re ilé, ẹ wo ojúlé kejì. Bóyá àgbà kan wà níbẹ̀ tí ó ń wo aago ara ògiri. Kí ọdún tí a ó kí ara wa má ṣe di ẹkún ọdún. Ẹ kú ọdún o. Ọdún á yabo.